Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e wò

Ìyá Dámọ́lá, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Ẹ ní ọmọkùnrin yín, ọmọ ọdún 14, ẹ̀jẹ̀ ń dà nímú ẹ̀ ṣáá, ihò imú òsì ti dí, wọ́n wá ní kẹ́ ẹ mú un wá lọ́jọ́ Ajé kí wọ́n gé díẹ̀ lára kókó tí wọ́n rí níbẹ̀. Ẹ ń béèrè bóyá ó lè kọ́kọ́ parí ìdánwò.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má gé nǹkan kan! Ọmọkùnrin tó ń bàlágà, ihò imú kan dí, ẹ̀jẹ̀ ń dà láìjẹ́ pé nǹkan gbá a: angiofibroma, ìyẹn kókó kan tó máa ń hù lẹ́yìn imú, ló yẹ kí dókítà kọ́kọ́ rò. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, àmọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ló kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, ògiri àwọn iṣan ọ̀hún ò sì ní ẹran tó ń fún un pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ dá. Tí irin bá kàn án, wàhálà dé.

Nílé ìwòsàn kan níbí ní Òṣogbo, dókítà kan tan tọ́ọ̀ṣì sí imú ọmọ tèmi, ó ní ẹran tó hù lásán ni, ó bá ki irin bọ̀ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ń gba imú, ó ń gba ọ̀fun, ọmọ ń bì í ní dídì sínú básíà. Wọ́n ń ki báńdéèjì sí i nímú, èyí tó gùn bí okùn ìsáṣọ, orí kejì ń yọ lọ́nà ọ̀fun. Ìró mi rin gbingbin. Ẹ wá gbọ́ o: níbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀, akọ̀wé ní kí n lọ ra káàdì ná, pé ẹni tó ń gbowó ti lọ jẹun. Lọ jẹun! Bàbá ẹ̀ ló sáré dé Ọláìyá lọ kó àwọn ọlọ́kadà wá fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Dókítà ọ̀hún? Èmi ò rí i mọ́.

Àwòrán ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n: CT, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, tí wọ́n ti fa oògùn tó ń jẹ́ kí iṣan hàn sí iṣan fún, àti MRI, ẹ̀rọ àwòrán mìíràn, bí agbára bá ká a. Bí ògiri ẹ̀yìn ihò egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ti tẹ̀ síwájú, ẹni tó mọṣẹ́ ti mọ̀ ọ́n láìgé e. Lẹ́yìn náà wọ́n á yọ ọ́. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè dí iṣan tó ń bọ́ ọ ní wákàtí 24 sí 72 ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Kì í ṣe gbogbo ibi ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ ti wá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ó tún lè hù padà, ẹ má pa ọjọ́ àyẹ̀wò jẹ.

Ẹ má fún un ní aspirin. Ẹ má kán àgbo sí i nímú. Ẹni bá ní kẹ́ ẹ bu omi Ọ̀ṣun, ẹ bù ú, Ọ̀ṣun ò ní kẹ́ ẹ má ya àwòrán. Ẹ tún kìlọ̀ fáwọn àgbà ilé: kókó mìíràn wà tó yàtọ̀ sí ti imú, èyí tó máa ń wà ní igun ọrùn, lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́; tó bá ń lù kì-kì, kí wọ́n má jẹ́ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fà á wò láìtíì ya àwòrán. Iṣan tó ń gbẹ́jẹ̀ lọ sí ọpọlọ ló lè lẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́tà ni kẹ́ ẹ gbà, sí dókítà etí, imú àti ọ̀fun ní UCH Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀. Tí ẹ̀jẹ̀ bá dà nímú ẹ̀ lójú ọ̀nà, kó jókòó, kó tẹrí síwájú, kẹ́ ẹ fún ibi rírọ̀ imú ẹ̀ pọ̀ dáadáa. Kó má fẹ̀yìn lélẹ̀ o.