Irun Ń Hù, Ṣóńṣó Ló Ń Já: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Irun Gígùn

Lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa lórí irun gígùn lóṣù yìí pọ̀ gan-an. A mú mẹ́rin nínú wọn, èyí tí ọ̀rọ̀ wọn kan ọ̀pọ̀ èèyàn jù.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹta rèé tí irun mi ti dé èjìká tí kò kúrò níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà ni mo ń fi rílásà sí i, mo sì máa ń di àtàṣímẹ́ǹtì. Mo fẹ́ kó dé àárín ẹ̀yìn kí Ojúde Ọba tó ń bọ̀ tó kò. Òróró wo ni kí n rà? (Ọmọge, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìdáhùn: Ẹ fi owó òróró yẹn pamọ́ ná. Irun yín ń hù. Irun tó lọ́ bíi tiwa máa ń fi nǹkan bí ínṣì 4 gùn lọ́dún. Bó bá wá dúró lójú kan fún ọdún mẹ́ta, a jẹ́ pé bó ṣe ń hù nídìí náà ló ń já ní ṣóńṣó. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ẹ kó irun tó bá yọ sára òòyà, ẹ mú un lọ́kọ̀ọ̀kan lọ sí ojú ìmọ́lẹ̀. Èyí tó ní kókó funfun bíńtín nídìí, àsìkò rẹ̀ ló tó tó fi bọ́. Irun 50 sí 100 ló ń bọ́ bẹ́ẹ̀ lórí èèyàn lójúmọ́, kò sì ṣe nǹkan kan. Èyí tó kúrú tí kò ní kókó, ṣe ló já. Bí ti ẹ̀yìn yìí bá pọ̀ ju ti àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni ìṣòro yín wà.

Rílásà la kọ́kọ́ fura sí. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀pọ̀ rílásà ni sodium hydroxide, kọ́sítíìkì kan náà tí àwọn aṣọṣẹ ń lò. Ó gbọ́dọ̀ já ohun tó so irun pọ̀ nínú kí irun tó lè nà. Irun tó bá ti jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kò yẹ kó tún jẹ ẹ́ mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, irun tuntun tó hù kò ju ìdajì ínṣì lọ. Kò sí bí ọwọ́ onídìrí ṣe lè mọ́ tó, ìpara yẹn máa kan irun àtijọ́, ibi tó sì ti kàn lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni irun ti ń já. Ẹ sún un sí ọ̀sẹ̀ 12, ó kéré tán. Kí onídìrí kọ́kọ́ fi baselíìnì kun irun àtijọ́ àti awọ orí, kó wá fi ìpara sí irun tuntun nìkan. Ẹ má ha orí, ẹ má sì fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta tó ṣáájú. Ṣanpú inú páálí rílásà ni kí wọ́n fi ṣàn án kúrò, torí òun ló ń pa agbára kẹ́míkà náà. Ọṣẹ lásán kò lè ṣe é.

Lẹ́yìn náà, ìfọ̀. Ẹ máa fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Ẹ kọ́kọ́ pín in sọ́nà mẹ́rin tàbí mẹ́fà, kẹ́ ẹ fi òróró àgbọn pa á ní wákàtí kan kí omi tó kàn án. Òróró àgbọn máa ń wọnú irun, kì í jẹ́ kí omi mú un wú jù. Awọ orí ni kẹ́ ẹ fi ṣanpú sí. Ìhó tó ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ ti tó ìyókù. Ẹ fi kọ̀ndíṣọ́nà sí i dáadáa, inú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti yà á. Irun tútù máa ń fà bíi rọ́bà, ó sì rọrùn láti já ju irun gbígbẹ lọ. Torí náà, ẹ fi ọwọ́ kan di àárín irun mú kí ìdí rẹ̀ má baà mọ̀ ọ́n lára, kẹ́ ẹ fi òòyà tí eyín rẹ̀ fẹ̀ ya ínṣì méjì tó gbẹ̀yìn. Tí òòyà bá ti ń kọjá láìdúró, ẹ gòkè díẹ̀. Òòyà tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, gbogbo kókó tó bá pàdé ló ń tì lọ sí ibì kan, ibẹ̀ náà ni yóò ti já. Aṣọ tíṣáàtì àtijọ́ ni kẹ́ ẹ fi fún omi rẹ̀, ẹ má fi táwẹ́ẹ̀lì nù ún bí ẹni nu ilẹ̀. Kó tó gbẹ tán, ẹ fi òrí tí kò ju ẹyọ ẹ̀pà méjì lọ pa ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Òrí kì í fún irun lómi. Omi tó ti wà níbẹ̀ ló ń tì mọ́lé. Ẹni tó ń kun òrí sórí irun gbígbẹ láràárọ̀ nígbà ọyẹ́ ń ṣe wàhálà lásán.

Ẹ má fi àtàṣímẹ́ǹtì sórí ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ. Èyí tẹ́ ẹ bá ní láti lo oògùn ẹ̀fọ́rí kẹ́ ẹ tó lè sùn, ẹ tú u lóru ọjọ́ náà. Ìrora yẹn ni ìdí irun tó ń ké.

Láti èjìká dé àárín ẹ̀yìn tó ínṣì 10. Ọdún méjì ààbọ̀ nìyẹn, bí ṣóńṣó kò bá tún já mọ́. Kò lè bá Ojúde Ọba tó ń bọ̀, a ò sì ní tàn yín. Àmọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ fi sátíìnì bo iwájú orí kẹ́ ẹ tó wé gèlè. Gèlè líle tó wà lórí láti òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta Iléyá di ìrọ̀lẹ́ máa ń ha irun etí gan-an.

Ìbéèrè: Onídìrí ni mí. Àwọn oníbàárà mi ti ń padà sí irun kíkó. Àwọn kan ní òwú ń mú irun gùn, àwọn kan ní ó ń pa iwájú orí. Èwo ni òótọ́? (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ìdáhùn: Òwú kì í mú irun hù. Ó ń bo irun láti ìdí dé ṣóńṣó ni, kì í jẹ́ kó máa ha ara aṣọ àti ìrọ̀rí, ó sì ń nà án láìlo iná. Fún ẹni tó ń wá irun gígùn, a ò mọ irun tó dára jù ú lọ. Ọwọ́ líle ló ń pa iwájú orí.

Ẹ jẹ́ kí irun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. Irun tútù máa ń súnkì bó bá ń gbẹ, òwú tẹ́ ẹ ti wé á wá fà á mọ́ra. Ẹ là á ní ìwọ̀n ínṣì kan sí kan ààbọ̀. Ẹ ṣẹ́ òwú po méjì, ẹ ta á mọ́ ìdí irun lẹ́ẹ̀mejì péré, kẹ́ ẹ wá wo awọ orí. Bó bá wú sókè bí ara adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tu ìyẹ́ rẹ̀, ó ti le jù. Ẹ tú u, kẹ́ ẹ tún un ta. Ẹ wé e lọ sísàlẹ̀ títí ẹ ó fi bo ṣóńṣó pátápátá. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kánjú, wọ́n á fi ínṣì kan sílẹ̀ níta, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ló dàgbà jù lára irun, òun náà ló sì lẹ jù. Irun wínníwínní iwájú àti ti ìpàkọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má fa gbogbo rẹ̀ jọ sí àtàrí. Òwú gidi tí kì í dán ló dára. Oníròbá máa ń lẹ̀ mọ́ irun nígbà ìtúká. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ti tó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tú u, ẹ wá kókó ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ ká òwú padà. Ẹ gbàgbé bíléèdì. Nígbà tẹ́ ẹ bá máa tún un kó, ẹ yí ojú ìlà padà.

Ìbéèrè: Mo bímọ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, irun mi ń bọ́ ní ẹ̀kúnwọ́. (Ìyá Ìkókó, Ìkẹ́nnẹ́)

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ. Irun tó yẹ kó ti bọ́ nígbà oyún ni oyún dá dúró. Gbogbo wọn ló wá ń bọ́ pọ̀ báyìí. Oṣù méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn ìbímọ ló máa ń bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ sì tó pé ọdún kan, ó ti ń padà sípò. Ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹ̀fọ́, ẹ má sì di irun tó wúwo. Bí ọdún bá yí po tí kò dáwọ́ dúró, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Ìbéèrè: Dàda ni ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méje. Irun rẹ̀ ti dé ìbàdí, kì í tètè gbẹ, ó sì ti ń rùn. Ìyá ọkọ mi ní ọṣẹ ò gbọdọ̀ kàn án. (Ìyá Dàda, Ṣágámù)

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ gígé rẹ̀ àti ohun tó rọ̀ mọ́ ọn, ti ìdílé ni. Ẹ bá Ìyá sọ ti ọṣẹ jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n wá gbóòórùn orí ọmọ náà fúnra wọn. Bíi fóòmù ni inú irun dàda rí. Omi tó bá wọ̀ ọ́ lè wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì, tó bá sì ń pẹ́ bẹ́ẹ̀, inú irun á bu.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí oòrùn mú ni kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́, kò gbọdọ̀ jẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ẹ po ṣanpú ṣíbí méjì mọ́ omi ife méjì, ẹ dà á sí awọ orí láàárín irun, ẹ fi ọmọ ìka ra á. Ẹ fún irun kọ̀ọ̀kan láti òkè wá sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ ṣàn án títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì mẹ́ta fún un ní àtẹ̀léra. Òróró díẹ̀ sí awọ orí ti tó. Ìpara àti òrí máa ń há sínú dàda, ẹ̀gbin á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Kó tó sùn, ẹ mú èyí tó nípọn jù, ẹ fún un láàárín, kẹ́ ẹ fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín. Bó bá tutù, kò tíì gbẹ, ẹ má dì í. Ní oṣù 6 àti 7 tí òjò kì í jẹ́ kí oòrùn yọ, ẹ lo díráyà, ẹ gbé e jìnnà díẹ̀ sí orí, kí iná rẹ̀ má gbóná jù. Èyí tí ìdí rẹ̀ bá ti tín-ín-rín bí okùn, ẹ lọ́ ọ pọ̀ mọ́ ọmọnìkejì rẹ̀ kó má baà já.

Bí ojú kan bá wà lórí tó rí róbótó, tó ń hó funfun, tó ń yún ọmọ, tí irun ibẹ̀ sì ń já, làpálàpá lè ni. Ẹ ya òòyà àti fìlà rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù. Oògùn gbígbé mì ni wọ́n máa fún un, torí ìpara kì í dé ìdí irun níbi tí làpálàpá fara pamọ́ sí.