Ẹ Bi Wá, Ká Fèsì: Ehoro, Ajá àti Ife Ọtí

Lẹ́tà tó dé lórí eré ehoro àti ajá pọ̀ lóṣù yìí, pàápàá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Hash House Harriers. Fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n: ẹnì kan tàbí méjì, tí wọ́n ń pè ní ehoro, á ṣáájú lọ fi fúláwà sàmì sójú ọ̀nà; àwọn yòókù, ìyẹn ajá, á máa tọpa wọn. Ibi tí àmì bá parí sí ni agbo, níbi tí gbogbo wọn ti ń pé jọ kọrin, àti ọtí wà.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, èmi ni ehoro lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́. Fúláwà mélòó ni kí n rà, báwo ni kí n sì ṣe tò ó? Ẹ̀rù ń bà mí pé àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá á ti mutí yó kí àwọn àgbà wa tó dé. (Ehoro tuntun)

Ìdáhùn: Ohun tó ń bà yín lẹ́rù yẹn gan-an ni iṣẹ́ ehoro. Bí ipa bá lọ gbọnrangandan, ẹlẹ́sẹ̀ yíyá á fi ìṣẹ́jú 30 ṣáájú ẹni tó ń rìn, kò sì ní í ríṣẹ́ mìíràn ṣe ju kó ṣí ìgò lọ. Kí agbo tó pé, ọtí ti ń pa àwọn kan. Òfin kì í tún ìyẹn ṣe. Ojú ọ̀nà la ti ń tún un ṣe.

Ìṣirò fúláwà rèé. Ipa kìlómítà 6, kí àmì kan wà ní mítà 40 síra wọn, ó di àmì 150. Ẹ̀kúnwọ́ kékeré kan tó bíi gíráàmù 20, ìyẹn kìlò 3. Òbìrí (àmì róbótó níbi tí ipa ti já) 8, gíráàmù 100 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ku díẹ̀ kó pé kìlò 1. Ẹ ra kìlò 5: àpò máa ń ya, ehoro náà sì máa ń ṣìnà, á ní láti padà wá tún àmì tò. Nínú igbó tó dí, mítà 40 ti jìnnà jù. Ẹ dín in sí 20, kí ẹ sì ra púpọ̀ sí i.

Ẹ má dúró ṣánṣán da fúláwà sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ọwọ́ sún mọ́lẹ̀, kí ẹ sì jù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó lè wà lójú kan. Níbi tí koríko bá ga, ẹ nà án mọ́ ìdí igi, ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ẹni tó ń bọ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ehoro fi àmì sí oríta, kó má sì fi òmíràn sí i títí dé mítà 50. Ajá tó ń sáré á ré oríta náà kọjá. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ kí ẹ tó yà, kí ẹ fi ìkejì sí mítà 10 lẹ́yìn tí ẹ bá yà.

Òbìrí ló ń mú gbogbo wọn dọ́gba. Ẹ fi fúláwà fa òbìrí kan tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40. Ibẹ̀ ni ipa ti já. Ipa òtítọ́ á tún bẹ̀rẹ̀ níbì kan láàárín mítà 150 sí ibẹ̀. Ipa irọ́ kan tàbí méjì náà á wà, àmì bíi mẹ́ta, lẹ́yìn náà X. (Iye àmì orí ipa irọ́ yàtọ̀ láti ẹgbẹ́ dé ẹgbẹ́, ẹ sọ tiyín fún wọn kí wọ́n tó gbéra.) Ẹlẹ́sẹ̀ yíyá á wá a kiri, á kan X, á sáré padà, nígbà yẹn, ẹni tó ń rìn ti dé. Ẹni tó bá rí ipa òtítọ́ á kígbe "On-on!", ẹnì kan á sì fi ẹsẹ̀ nu òbìrí náà ní ìhà ibi tí ọ̀nà gbà. Ẹ tẹnu mọ́ èyí. Bí wọn ò bá nù ún, ẹni ìkẹyìn á dé ibẹ̀ nígbà tí kò ní í rí ẹni tó máa bi.

Kí òbìrí àkọ́kọ́ má kọjá mítà 800, kí ìyókù máa wà ní mítà 600 sí 700 síra wọn. Bí ẹ bá tò ó dáadáa, ẹlẹ́sẹ̀ yíyá á ti sá tó kìlómítà 9 nígbà tí onírìn rin 6, wọn á sì jọ dé láàárín ìṣẹ́jú bíi 10 síra wọn.

Bí òjò bá ṣú, fúláwà á di lẹ́ẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú pákó sàn jù ú lọ. Ẹ má lo láìmù tí àwọn bíríkìlà ń lò, ó ń jó ojú èèyàn àti ẹsẹ̀ ẹranko. Kí ẹ sì sọ fún onílẹ̀ àti ọlọ́pàá ṣáájú. Ní New Haven, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2007, fúláwà tí ehoro méjì fi sàmì síbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí níwájú ilé ìtajà ńlá kan ni wọ́n rò pé májèlé ni. Wọ́n lé oníbàárà jáde, wọ́n sì mú àwọn ehoro náà.

Ìbéèrè: Àṣà wa ni kí bíà wà ní àárín ọ̀nà. Èèyàn mẹ́ta ti yẹ ọrùn ẹsẹ̀ lọ́dún yìí. Ṣé ká fòpin sí i ni? (Akọ̀wé ẹgbẹ́)

Ìdáhùn: Ẹ má fòpin sí i, ẹ sún un. Ìgò mílílítà 330 tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100 ní ọtí gidi tó tó gíráàmù 13. Ara ọ̀pọ̀ èèyàn kì í jó ju gíráàmù 7 sí 10 lọ ní wákàtí kan. Nítorí náà, ẹni tó mu ìgò kan ní kìlómítà 3, tó sì tún gbéra lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, gbogbo rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lára rẹ̀ nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkúta. Ẹ gbé e lọ sí kìlómítà tó kẹ́yìn, sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, níbi tí kò ti sí títì tí wọ́n máa ré kọjá mọ́. Kí ife jẹ́ mílílítà 100, kí omi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní òpin, omi ni kó kọ́kọ́ kàn wọ́n, kí bíà tó tẹ̀ lé e. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ máa ń mu bíà bí ẹni mu omi. Ẹni tó máa wa ọkọ̀, kí ẹ ti yàn án kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn agbo, gbogbo èèyàn ló máa ń ní ojú òun mọ́lẹ̀.

Ìbéèrè: Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní bí a bá ń fi omi ṣe down-down (ìyẹn kí agbo kọrin fún ẹnì kan, kó sì gbé ife mu lẹ́ẹ̀kan náà) fún ẹni tí kì í mutí, a ti ba ohun tí àwọn olùdásílẹ̀ fi lélẹ̀ jẹ́. (Mi ò mutí, mo ń sáré)

Ìdáhùn: Ní Kuala Lumpur, ní Malaysia òde òní, lọ́dún 1938 ni oníṣirò owó kan, A. S. Gispert, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ilé kan tí ẹgbẹ́ afẹ́ Selangor Club ni, tí wọ́n ń fi oúnjẹ ibẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pè ní Hash House, ni orúkọ náà ti wá. Nígbà tí wọ́n forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba lọ́dún 1950, ète mẹ́rin ni wọ́n kọ: kí ara ọmọ ẹgbẹ́ le; kí wọ́n sá ọtí òpin ọ̀sẹ̀ kúrò lára; kí òùngbẹ gbẹ wọ́n dáadáa, kí wọ́n sì fi bíà pa á; kí àwọn àgbà inú wọn sì gbà pé àwọn ò tíì gbó tó bí ara ṣe ń sọ fún wọn. Bíà ló wà ní ipò kẹta. Kò síbi tí wọ́n ti ní kí wọ́n fipá rọ ọ́ sẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Àwọn ọkùnrin nìkan ni wọ́n sì jẹ́ nígbà yẹn, bébà ni wọ́n ń já sílẹ̀ sójú ọ̀nà. Lónìí, fúláwà la ń lò, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ sì ti di ti tọkùnrin tobìnrin. Ẹni tí kò bá ṣọ̀fọ̀ bébà kò gbọdọ̀ ṣọ̀fọ̀ omi.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é: ife kan náà fún gbogbo èèyàn, mílílítà 150, kó má jẹ́ ife tí ojú ń rí inú rẹ̀. Omi, ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí bíà, ẹni tó dì í mú nìkan ló mọ̀. Orin kan náà ni wọ́n máa kọ fún un. Ìyókù tí kò lè mu, kó dà á lé orí ara rẹ̀ bí àṣà ti wí. Omi tilẹ̀ dára fún ìyẹn ju bíà lọ.

Ìbéèrè: Orúkọ ìnagijẹ rírùn tí wọ́n ń sọ àwọn tuntun ní agbo ń lé wọn lọ. (Ìyá agbo)

Ìdáhùn: Ẹ dúró kí ẹni náà ti bá yín sáré tó ìgbà 6. Ẹ mú orúkọ méjì wá, kí ẹnì kan pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bi í kí ẹ tó mú un dé agbo. Bó bá kọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ìbéèrè: Àṣà wa ni pé ẹni tó bá wọ bàtà tuntun wá á fi bàtà náà mutí. Ṣé kò léwu? (Oníbàtà)

Ìdáhùn: Ẹrẹ̀ tí ẹ gbà kọjá ló léwu ju gọ́ọ̀mù bàtà lọ, nítorí ìgbẹ́ ẹran wà nínú rẹ̀. Ẹ ki ife ike kékeré bọ inú bàtà náà, ẹ da ọtí sínú ife. Ẹ̀rín rẹ̀ kò dín kù. Bó bá sì dà sínú bàtà, kí oníbàtà yọ ìtẹ́lẹ̀ inú rẹ̀ fọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí bíà bá gbẹ mọ́ ọn títí di ọjọ́ kejì, òórùn rẹ̀ kì í lọ mọ́.