Kì í ṣe owó catalyst ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ kà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní sodium hydride àti DMF, ìyẹn omi kẹ́míkà tí a fi ń yọ́ nǹkan, lẹ ti ń fi so benzyl chloride mọ́ alcohol yín láti ọjọ́ yìí. Ẹ ti wá dán phase-transfer catalysis, ìyẹn PTC, wò nínú ìgò lítà 1: sódà (sodium hydroxide inú omi) àti toluene tí kì í bá omi rẹ́ lẹ fi rọ́pò wọn, pẹ̀lú catalyst díẹ̀ tó ń mú iṣẹ́ yá. Ó sì parí ní wákàtí 4. Ṣùgbọ́n ọ̀gá yín rí iye tí wọ́n ń ta kílò catalyst náà, tetrabutylammonium bromide, TBAB, ó ní owó náà ti pọ̀ jù. Ẹ wá ń béèrè bóyá ó ṣì yẹ kí ẹ gbé e lọ sínú táǹkì ńlá. Ó yẹ. Ibi tí ẹ wà yìí ni èmi náà wà nígbà kan, owó catalyst kọ́ ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ náà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá yín pé kí wọ́n wo àwọn ohun tí catalyst náà máa lé kúrò nílé-iṣẹ́. Bí ẹ bá fi mole 2 TBAB sí mole 100 alcohol, kílò 6.4 péré ni kilomole 1 (mole 1,000) alcohol máa jẹ. Ẹ wá fi í wé ohun tí ẹ ń ná báyìí. Kílò 1 sodium hydride tó mọ́ gaara máa ń tú nǹkan bíi lítà 1,000 hydrogen jáde, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi nitrogen gbá gbogbo rẹ̀ jáde kí iná má baà ràn án. Ohun gbogbo gbọ́dọ̀ gbẹ kanrin kanrin. Sodium hydride àti DMF fúnra wọn pàápàá lè gbaná jẹ bí ooru bá pọ̀ lára wọn. DMF tún ni ológìnnìn tó ń jẹ owó yín níkọ̀kọ̀: ó ń wọnú omi pátápátá, 153°C ló ti ń hó, nítorí náà bí ẹ bá ti bu omi sí iṣẹ́ yín láti fọ̀ ọ́, DMF ti bá omi ìdọ̀tí lọ nìyẹn. Toluene kì í bá omi rẹ́. Ẹ máa yà á sọ́tọ̀, ẹ máa sè é, ẹ máa tún un lò. Sódà 50% náà kò sì béèrè pé kí táǹkì gbẹ.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe ohun tuntun tó yẹ kó máa ba ọ̀gá yín lẹ́rù. Láti àárín ọdún 1960 sí 1970 ni Mieczysław Mąkosza ti ń fi sódà líle ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Warsaw. Charles Starks ló fún un lórúkọ tí à ń pè é lónìí, nínú ìwé tó gbé jáde ní 1971. Ó fi hàn níbẹ̀ pé 1-chlorooctane àti sodium cyanide inú omi lè wà pa pọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ láìsí ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n bí catalyst díẹ̀ bá ti wọ̀ ọ́, kì í tó wákàtí 2 tí gbogbo rẹ̀ fi máa parí.

Iṣẹ́ atukọ̀ ni catalyst náà ń ṣe. Ohun tó wà nínú sódà ò lè dá wọ toluene, catalyst ló ń gbé e sọdá. Bó bá sì ń padà, chloride ló ń gbé bọ̀ sódì kejì. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n yẹra fún methyl iodide àti irú rẹ̀ nínú iṣẹ́ PTC bí chloride tàbí bromide bá wà. Bí iodide bá ti wọ ọkọ̀ yẹn, kì í fẹ́ bọ́ sílẹ̀ mọ́. Inú toluene ló máa jókòó sí pẹ̀lú catalyst, iṣẹ́ á wá máa fà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa nínú táǹkì lítà 2,000. Nínú ìgò, wákàtí 4 náà ni tiwa gbà. Nínú táǹkì, wákàtí 10 kọjá, iṣẹ́ ò tíì dé ìdajì. A rò pé catalyst ló kéré, a fi ìlọ́po méjì sí i. Kò yí padà. A wá gbé ooru rẹ̀ sókè dé 95°C. Nígbà tó di òwúrọ̀, òórùn ẹja ti gba gbogbo yàrá. TBAB ti túká sí tributylamine àti butene, torí sódà líle àti ooru gíga ni ọ̀tá rẹ̀. Owó catalyst ìlọ́po méjì wọlẹ̀, tributylamine wọnú ọjà wa, oníbàárà sì dá gbogbo rẹ̀ padà.

Omorógùn ẹ̀rọ ló jẹ̀bi. Sódà 50% wúwo tó nǹkan bí ìlọ́po kan ààbọ̀ omi, toluene sì fúyẹ́ ju omi lọ. Abẹ́ kan ṣoṣo tó wà nísàlẹ̀ omorógùn wa, inú sódà nìkan ló ti ń yí. Toluene kàn jókòó lórí rẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Nínú irú iṣẹ́ tó ń lo sódà báyìí, ibi tí ìpele méjèèjì ti pàdé gan-an ni ìdí iṣẹ́ wà, bí ẹ ò bá sì fọ́ wọn wẹ́wẹ́ sínú ara wọn, kò sí catalyst tó lè gbà yín. Abẹ́ kejì tí a fi sí òkè, àti àwọn pátákó irin tí a fi sí ẹ̀gbẹ́ táǹkì kí omi má baà kàn máa yí po, ni wọ́n mú un wá sí wákàtí 5 ní 60°C, pẹ̀lú iye catalyst tí a kọ́kọ́ fi sí i. A ti kọ́kọ́ gbìyànjú sódà 30% torí pé ó rọrùn láti rò. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Omi tó pọ̀ máa ń tu agbára sódà yẹn lójú, iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró jẹ́ẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ju gbogbo rẹ̀ lọ nìyí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mọ́tò omorógùn kú, benzyl chloride sì ń ṣàn wọ táǹkì lọ. Kò sẹ́ni tó mọ̀ fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Ìpele méjèèjì yà, gbogbo benzyl chloride náà kó jọ sínú toluene láìṣiṣẹ́. Nígbà tí ọmọ iṣẹ́ kan rí i, ó tan mọ́tò padà, bí ẹnikẹ́ni ì bá ti ṣe. Ohun tó yẹ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ bá ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ooru fò láti 55°C kọjá 90°C láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wá, ẹnikẹ́ni ò farapa, ṣùgbọ́n mi ò sùn lóru ọjọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, bí omorógùn bá dúró, ẹ̀rọ tó ń fún wa ní benzyl chloride á dúró fúnra rẹ̀. Ẹ fi èyí sí tiyín kí ẹ tó da ohunkóhun sí táǹkì. Bó bá sì ti dúró rí, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí táǹkì náà tutù, kí ẹ wá tan omorógùn fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kí ẹ pa á, kí ẹ wo ooru rẹ̀, kí ẹ tó tún tàn án.

Ní ti yíyọ catalyst kúrò, TBAB ò wàhálà púpọ̀. Kì í fẹ́ wà nínú sódà líle, toluene ló máa ń dúró sí. Nítorí náà, ẹ da sódà kúrò ná, kí ẹ wá fi omi tútù fọ toluene lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, omi náà ló máa gbé e lọ. Aliquat 336, catalyst mìíràn, ò rí bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ràn toluene ju omi lọ, àfi kí ẹ se ọjà yín kúrò lára rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi catalyst tó ń hó bí ọṣẹ rọ́pò TBAB torí pé owó rẹ̀ kéré, ìpele méjèèjì á dà bí mílíìkì, ẹ ó sì máa dúró dè é di ọjọ́ kejì. Omi tí ẹ fi fọ TBAB náà, ẹ má dà á sí gọ́tà. Ó ń pa ohun alààyè inú omi, ó sì lè pa àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń wẹ omi ìdọ̀tí mọ́.

Kí ẹ tó gbé e kúrò nínú ìgò, ẹ dán ohun méjì wò. Ẹ rò ó ní yíyí 200, 400, 600 àti 800 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wo bóyá ó ṣì ń yá sí i bí ẹ ṣe ń pọ̀ sí i. Bó bá ṣì ń yá sí i ní 800, táǹkì yín kò ní lè bá a. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sódà, toluene àti catalyst nìkan sí 60°C fún wákàtí 8, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá tributylamine wà níbẹ̀. Bí ooru tí iṣẹ́ yín fẹ́ bá ga ju ohun tí TBAB lè gbà lọ, ẹ wo PEG 400, catalyst mìíràn, pẹ̀lú potassium hydroxide dípò sódà. Kò yára tó TBAB, ṣùgbọ́n ooru àti sódà kì í tètè pa á, owó rẹ̀ sì fúyẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí omorógùn táǹkì yín ṣe rí: abẹ́ mélòó, báwo ló ṣe ga tó láti ìsàlẹ̀, àti ibi tí ojú sódà máa dé bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ sí i. Màá bá yín wò ó.