Ọkọ mi ní hẹ́píìsì, èmi sì ń lo oògùn kíndìnrín: ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni bí mo bá kọ̀ fún un?

ÌBÉÈRÈ: Àsàláàmù àlékúmù, ààfáà wa. Òjé, n'Ìbàdàn, ni mò ń gbé. Wọ́n ti pààrọ̀ kíndìnrín fún mi, ojoojúmọ́ ni mo sì ń lo oògùn kí ara mi má baà kọ̀ ọ́. Dókítà wá sọ fún ọkọ mi pé hẹ́píìsì ni egbò wẹ́wẹ́ tó ń yọ sí i lójú ara. Ẹ̀rù ń bà mí, àmọ́ ìyá kan ní àsàlátù wa ní obìnrin tó bá kọ̀ fún ọkọ, àwọn màláíkà á máa ṣẹ́ èpè lé e títí ilẹ̀ á fi mọ́.

ÌDÁHÙN: Wà àlékúmù sàláàm, ìyá wa. Kí Ọlọ́hun fún yín ní àlàáfíà tó kárí.

Ẹ fọkàn balẹ̀ ní ti èpè yẹn. Òótọ́ ni hádíìsì náà, ó wà nínú ìwé hádíìsì Bukhari àti ti Muslim. Àmọ́ nígbà tí Imam Nawawi ń ṣàlàyé rẹ̀, ó ní ẹni tó kọ̀ láìní àwíjàre tí ṣẹríà gbà ló ń bá wí. Ẹ̀yin ní àwíjàre, ó sì lágbára. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní a ò gbọdọ̀ ni ara wa lára. Ó tún ní kí ẹni tí ràkúnmí rẹ̀ ń ṣàìsàn má kó o wá bá ti ẹni tí ara tirẹ̀ le. Bí a bá dáàbò bo ràkúnmí báyìí, ìyàwó ilé ńkọ́?

Hẹ́píìsì kì í kúrò lára pátápátá, inú iṣan ìmọ̀lára ló ń lúgọ sí. Lára ẹni tí ara rẹ̀ le, egbò náà á jinná fúnra rẹ̀. Àmọ́ oògùn yín ń dín agbára tí ara fi ń bá àrùn jà kù, nítorí náà egbò lè pọ̀ lára yín, kó sì pẹ́ kó tó jinná. Mo bẹ̀ yín, ẹ má torí èyí dá oògùn kíndìnrín dúró o!

Tí ojú ibẹ̀ bá ti ń yún ọkọ yín tàbí tó ń ta á, kí egbò tiẹ̀ tó yọ, kí ẹ má ṣe súnmọ́ra títí yóò fi jinná dáadáa. Ojúṣe tirẹ̀ ni láti sọ fún yín. Tó bá fi pamọ́, ó ti dalẹ̀ yín. Àrùn náà lè ràn nígbà tí egbò ò sí pàápàá, nítorí náà ẹ máa lo kọ́ńdọ̀ọ̀mù, bí kò tilẹ̀ dí gbogbo ọ̀nà. Kò sí èèwọ̀ níbẹ̀: àwọn sàábé Ànábì ṣe asílì (kí ọkùnrin da àtọ̀ síta) nígbà tí Kùránì ṣì ń sọ̀ kalẹ̀. Oògùn valacyclovir náà wà tí ọkọ yín lè máa lò lójoojúmọ́. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2004 fi hàn pé ó dín ríràn rẹ̀ sára ẹnìkejì kù ní nǹkan bí ìdajì, àmọ́ àwọn tí ara wọn le ni wọ́n fi ṣe é.

Ẹ má sì tìtorí èyí fẹ̀sùn sìná kàn án. Kòkòrò yìí lè wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fara hàn, kódà ẹ̀yin náà lè ti ní in láìmọ̀.

Kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ bá dókítà tó ń tọ́jú kíndìnrín yín. Ẹ má tijú, ẹ dárúkọ àrùn náà fún un, kí ẹ ní kó yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, kó sì sọ bóyá ẹ̀yin náà nílò oògùn.