Ǹjẹ́ róbọ́ọ̀tì lè dín ewu kù fún àwọn tó ń gun àpáta Ṣábẹ, ní orílẹ̀-èdè Benin?

Ó lè dín in kù díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò. Wíwá ẹni tó sọnù ni ẹ̀rọ ti wúlò jù. Ní oṣù Keje ọdún 2018, lórí òkè Broad Peak ní Pakistan, tí gíga rẹ̀ ju mítà 8,000 lọ, wọ́n ti gbà pé Rick Allen, ọmọ Scotland, ti kú lẹ́yìn tó já bọ́, àfi ìgbà tí dúróònù kékeré tí Bartek Bargiel, ará Poland, ń darí rí i láàyè, tí wọ́n sì gbà á là.

Róbọ́ọ̀tì tó ń gun àpáta fúnra rẹ̀ náà wà: LEMUR ti NASA, àjọ tó ń rí sí ìrìn àjò òfúrufú ní Amẹ́ríkà, ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ìka 16 lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwọ̀ kéékèèké tó fi ń há mọ́ òkúta. Àmọ́ ìrìn àjò sí ayé mìíràn ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é, kì í ṣe tiwa.

Nínú gbọ̀ngàn ìdárayá tí wọ́n ti ń gun ògiri, ẹ̀rọ kan wà tó ń fa okùn ẹni tó ń gùn fúnra rẹ̀. Bí ènìyàn bá ṣe ń yára já bọ́ tó ni mágnẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ ń dá a dúró tó, láìlo iná mànàmáná. Kò sì lè gba ẹni tó gbàgbé láti so ara rẹ̀ mọ́ ọn.

Ní Ṣábẹ, àṣíborí àti okùn tó dára ni èmi yóò kọ́kọ́ rà. Ẹ fi ọwọ́ tọ okùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ibì kan bá rọ̀ ju ìyókù lọ, ẹ má ṣe fi gun àpáta mọ́.