Èsì: Tíì àti ìpanu ní Hyderabad

Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ẹ fẹ́ mọ ibi tí ẹ ti lè mu tíì, kí ẹ sì jẹ ìpanu ní Hyderabad, ìlú ńlá kan ní Íńdíà, láìnáwó púpọ̀. Ọ̀nà Charminar ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà, ilé gogoro tí wọ́n kọ́ ní 1591. Nimrah Cafe, ilé tíì kan, wà nítòsí rẹ̀ gan-an.

Irani chai, tíì onímílíìkì, ni kí ẹ bèèrè. Àwọn ará Iran tó wá dó sí Íńdíà ló mú irú ilé tíì bẹ́ẹ̀ wá. Wọ́n á dé ìkòkò tíì pa, á máa hó jẹ́jẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n á se mílíìkì lọ́tọ̀ títí á fi ki, wọ́n á wá pò wọ́n pọ̀. Ṣúgà rẹ̀ pọ̀ o! Ife rẹ̀ sì kéré. Ẹ fi Osmania biscuit tì í: ó dùn díẹ̀, ó níyọ̀ díẹ̀, á sì máa yọ́ lẹ́nu.

Àmọ́ mirchi bajji ló mú mi lọ́kàn jù. Ata tútù gígùn ni wọ́n ń rì bọ ìyẹ̀fun ẹ̀wà tí wọ́n pò, tí wọ́n á wá dín in bí àkàrà. Ẹni tó bá ní Yorùbá nìkan ló mọ ata jẹ, kó lọ jẹ méjì níbẹ̀.

Pani puri ojú títì, ìpanu róbótó tí wọ́n dín, tí inú rẹ̀ ṣófo, ńkọ́? Omi eléròjà tí wọn kì í sábà sè ni wọ́n ń bù sínú rẹ̀, ó sì lè da inú àlejò rú. Ìdí nìyẹn tí èmi ò fi fẹnu kàn án lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ mú owó rupee kéékèèké dání.