Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ṣíà, dífídẹ́ǹdì àti bọ́ǹdù?

Ṣíà ni ìpín tí ẹ ní nínú ilé-iṣẹ́ kan. Bí ẹ bá ra ṣíà báǹkì kan lórí NGX, ìyẹn ọjà tí wọ́n ti ń ra ṣíà tí wọ́n sì ti ń tà á l'Ékòó, ẹ ti di ọ̀kan lára àwọn tó ni báǹkì náà, bó ti wù kí ìpín yín kéré tó. Alágbàtà tí SEC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọjà yìí, fún níwèé àṣẹ ló máa bá yín rà á, yóò sì wà nínú àkáǹtì yín lọ́dọ̀ CSCS, ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ṣíà.

Dífídẹ́ǹdì ni èrè tí ilé-iṣẹ́ bá pín fún àwọn onípìn-ín. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í gbọ́. Kì í ṣe dandan. Ilé-iṣẹ́ lè jèrè kó má pín kọ́bọ̀. Wọ́n á tún kéde ọjọ́ tí orúkọ yín gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé àwọn onípìn-ín kí ẹ tó lè gbà á. Bí ẹ bá rà á lẹ́yìn ọjọ́ náà, ti ìgbà yẹn ti kọjá yín. Ká ní ẹ ní ṣíà 1,000, tí wọ́n sì kéde náírà 2 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: náírà 2,000 nìyẹn, àmọ́ wọ́n á yọ owó orí ìdá 10 nínú 100, 1,800 ló máa tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forúkọ sílẹ̀ fún e-dividend kí owó náà lè máa wọ báǹkì yín tààrà.

Bọ́ǹdù ní tiẹ̀, gbèsè ni: ẹ yá ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ lówó, wọ́n ń san èlé. Náírà 5,000 lẹ lè fi bẹ̀rẹ̀ FGN Savings Bond, ìyẹn bọ́ǹdù ìjọba àpapọ̀, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta sì ni èlé rẹ̀ ń wọlé.